Grace Hopper àti Ìwé Àkọsílẹ̀ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba òpópónà Herbert Macaulay kọjá ní Yaba, ní ìlú Èkó, yóò rí àwọn ilé tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ń wọ̀ lọ́wùúrọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jáde títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láti ọdún 2011 tí ilé-iṣẹ́ Co-Creation Hub ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òpópónà náà ni irú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ti ń pọ̀ sí i ní àdúgbò Yaba. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ọkọ́ àti àdá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti igbá àti òṣùwọ̀n. Àṣẹ ni wọ́n ń kọ fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ náà lè mọ bí yóò ti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn, tàbí bí yóò ti ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Bí àṣẹ kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹni tí ó kọ ọ́ kì í káwọ́ gbera. Yóò wádìí bóyá ẹlòmíràn ti bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pàdé rí. Yóò wá àṣẹ kúkúrú tí ẹni náà kọ sílẹ̀, yóò sì fi tún tirẹ̀ ṣe. Nígbà tí òun náà bá rí ojútùú tuntun, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Àṣà yìí kì í ṣe ti òní. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó wà láyé kò tíì pọ̀ ju èyí tí a lè fi ìka ọwọ́ kà lọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gbé e ró ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Grace Hopper. Olùkọ́ ni, onímọ̀ ìṣirò ni, ológun ojú omi sì ni pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí ó ti kú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ lónìí tí kò jẹ nínú oko tí ó ro.

Ìlú New York ni a bí Grace Brewster Murray sí, ní ọjọ́ 9 oṣù Disẹ́ḿbà, ọdún 1906. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta. Walter Murray, bàbá rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Mary, ìyá rẹ̀, sì fẹ́ràn ìmọ̀ ìṣirò púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìgbà èwe tirẹ̀, a kì í sábà gba àwọn ọmọbìnrin láàyè láti kọ́ ọ dé òpin. Láti kékeré ni ojú Grace ti là sí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7, ó wù ú láti mọ ohun tí ń mú aago dún. Aago 7 tí ń jí ènìyàn lójú oorun ni ó wà nínú ilé tí wọ́n ti ń lo ìsinmi. Grace tú ọ̀kan palẹ̀, gbogbo irin inú rẹ̀ sì fọ́n ká. Nígbà tí kò mọ bí yóò ti tò ó padà, ó tú èkejì láti wo bí ó ti yẹ kí ó rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí aago méjèèje fi di àtúpalẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ìyá rẹ̀ kò pa iná ìwádìí tí ó wà nínú ọmọ náà. Ó kàn pàṣẹ fún un pé láti ọjọ́ náà lọ, aago kan ṣoṣo ni ó lè máa tú.

Ìyọnu ńlá kan bá ìdílé náà nígbà tí àìsàn mú kí a gé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí pé òun lè má pẹ́ láyé, nítorí náà ó pinnu pé àwọn ọmọbìnrin òun yóò ní ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin òun, kí wọ́n lè bọ́ ara wọn bí ọjọ́ bá dé. Igi ìmọ̀ tí bàbá náà gbìn so èso. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Grace kọ́kọ́ fẹ́ wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Látìn, wọ́n sì ní kí ó dúró di ọdún kejì. Ó padà lọ kàwé, ó tún gbìyànjú, wọ́n sì gbà á. Ní ọdún 1928 ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ físíìsì. Ó lọ sí Yunifásítì Yale, ó gba oyè kejì ní ọdún 1930. Ní ọdún yìí kan náà ni ó fẹ́ Vincent Hopper tí í ṣe olùkọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 1934, tí a ṣí Yaba Higher College ní Èkó, ni Grace Hopper gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yale. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Vassar láti ọdún 1931. Ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ni ṣe àjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti kọ́ wọn ní òfin ìṣirò kan tán, yóò ní kí wọ́n lọ kọ àròkọ lórí rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé ohun tí òfin náà wí. Yóò gba àròkọ náà, yóò fi yíǹkì tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n tún un kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ráhùn pé ìṣirò ni àwọn wá kọ́, àwọn kò wá kọ́ èdè. Ìdáhùn rẹ̀ sí wọn ni pé kò sí èrè nínú kí ènìyàn mọ ìṣirò, kí ó má sì lè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ yé. Ìgbàgbọ́ yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1941, ogun àgbáyé kejì dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Baba-ńlá Hopper kan ti jẹ́ ọ̀gágun ojú omi rí, òun pẹ̀lú sì fẹ́ sin ilẹ̀ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun yìí kan náà. Wọn kò fẹ́ gbà á. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá àlà. Wọ́n ní ara rẹ̀ fúyẹ́ ju bí òfin ti là á sílẹ̀ lọ. Wọ́n tún ní iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò tí ó ń ṣe pàápàá wúlò fún ìlú nígbà ogun. Hopper kò sinmi. Ó bẹ̀bẹ̀, ó kọ ìwé, ó sì gba àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, títí wọ́n fi yọ̀ǹda fún un ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1943. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní ọdún 1944, òun ni ó gba ipò kìíní nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rò pé wọn yóò rán òun sí ibi tí a ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọ̀tá, ṣùgbọ́n Yunifásítì Harvard ni wọ́n rán an lọ ní oṣù Júláì ọdún náà.

Ní Harvard ni ó ti bá ẹ̀rọ kan pàdé tí kò rí irú rẹ̀ rí. Mark I ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 51, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5. Àròpọ̀ 3 ni ó lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù kékeré tí ń bẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí yára jù ú lọ ní ọ̀nà àràádọ́ta ọ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà ìyanu ni. Howard Aiken, tí ó pète ẹ̀rọ náà, ni ọ̀gá ibẹ̀, ènìyàn líle sì ni. Ní ọjọ́ tí Hopper dé, kò bá a ṣe àwàdà. Ó fi ẹ̀rọ náà hàn án, ó gbé ìṣirò kan nípa igun fún un tí ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé dé ipò 23 lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá, ó sì dá ọjọ́ fún un nínú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pé kí ó ti parí rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ òpin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ó bá nídìí iṣẹ́, Robert Campbell àti Richard Bloch, ni ó ràn án lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a mọ bí a ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè ènìyàn. Téèpù bébà gígùn ni wọ́n ń lu ihò sí. Bí ihò náà bá ti tò ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá kí òun ṣe àròpọ̀, tàbí kí òun gbé iye kan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Bí ihò kan ṣoṣo bá ṣì, gbogbo ìdáhùn yóò dàrú. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe eré. Àwọn ológun ojú omi ń retí ìṣirò tí wọn yóò fi yin ìbọn ńlá láti inú ọkọ̀, tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1944 kan náà, onímọ̀ ìṣirò ńlá nì, John von Neumann, gbé ìṣirò kan wá síbẹ̀ láti yanjú. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó mọ̀ pé nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì ni.

Nínú wàhálà yìí ni ìwé àkọsílẹ̀ ti wọlé. Hopper, Bloch àti Campbell rí i pé àwọn ìṣirò kan wà tí kò sí iṣẹ́ tí a kì í bá wọn nínú rẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ẹnì kan yóò fi máa bẹ̀rẹ̀ wọn láti ìpìlẹ̀ ní ojoojúmọ́? Nítorí náà, bí ọ̀wọ́ àṣẹ kúkúrú kan bá ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ti dán an wò tí kò ní àléébù, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò dà á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá nílò rẹ̀, yóò yá ìwé náà, yóò sì wo àṣẹ náà kọ sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn fi òru méjì wá rí, ẹnì kejì a máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lò ó. Lẹ́yìn ogun, Aiken ní kí Hopper kọ ìwé kan tí yóò ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún gbogbo ènìyàn. Ìwé ńlá náà jáde ní ọdún 1946, ojú ewé rẹ̀ sì lé ní 500. Ó sọ bí ẹ̀rọ náà ti rí, bí a ti ń pàṣẹ fún un, ó sì fi àpẹẹrẹ àwọn àṣẹ hàn kí ẹni tí kò dé Harvard rí lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, Hopper ṣàkíyèsí ohun kan. Bí àṣẹ tí ó wà nínú ìwé tilẹ̀ pé, ọwọ́ tí ń dà á kọ kì í pé. Ẹnì kan lè rí lẹ́tà B kí ó pè é ní 13; ẹlòmíràn lè ka àmì mìíràn sí 4. Bí a bá sì gbé àṣẹ kan kúrò nínú iṣẹ́ kan sínú òmíràn, a ní láti fi iye kan kún gbogbo nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà, àròpọ̀ yìí sì ni àwọn ọlọ́gbọ́n ìṣirò máa ń ṣì jù. Hopper fi èyí sọ́kàn, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Bí a tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gún, tí a mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà kò ní ṣàì lẹ́mọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún 1947, ọdún tí a dá Yaba College of Technology sílẹ̀, ẹ̀rọ kejì tí wọ́n ṣe ní Harvard, èyí tí ń jẹ́ Mark II, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Ẹ̀rọ yìí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irin kéékèèké tí ń ṣí tí sì ń pa dé bí ilẹ̀kùn, kí iná mànàmáná lè kọjá tàbí kí ó má kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí àléébù wà. Wọn kò lu ẹ̀rọ náà, wọn kò sì méfò. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò láti apá kan dé èkejì títí wọ́n fi dé irin 70, ní apá tí wọ́n fi lẹ́tà F sàmì sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú àfòpiná kan tí irin ti há mọ́. Àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n kí èyí tó kú, ó ti dá ẹ̀rọ ńlá náà dúró.

Wọn kò sọ òkú kòkòrò náà nù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ wọn, wọ́n kọ aago tí wọ́n rí i àti ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n sì fi àwàdà kọ ọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a rí kòkòrò gidi. Ohun tí ó mú àwàdà náà dùn ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń pe àléébù ẹ̀rọ ní kòkòrò ṣáájú ọjọ́ náà, láti ayé Thomas Edison. Kì í ṣe Hopper ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àfòpiná náà, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀ kiri títí ayé fi gbọ́. Ìwé náà wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Amẹ́ríkà, àfòpiná náà sì wà lára rẹ̀. Títí di òní, wíwá àléébù nínú àṣẹ kọ̀ǹpútà ni a ń pè ní yíyọ kòkòrò.

Ìgbà dídùn àti ìgbà kíkorò ni í so pọ̀ di ọjọ́ ayé. Hopper àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ní ọdún 1949 àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ní Harvard parí, kò sì sí àyè fún obìnrin láti gòkè níbẹ̀. Ní àkókò yìí ó fi ọtí líle pa ìrònú rẹ́, ó sì mu ún dé ibi tí ó fi kó ìtìjú bá a. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Wọ́n bá a wí, wọ́n sì dúró tì í. Ó gba ilé-iṣẹ́ tuntun kan lọ ní ìlú Philadelphia, èyí tí John Mauchly àti Presper Eckert dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní UNIVAC.

Ní Philadelphia, ohun apanilẹ́rìn-ín kan ṣẹlẹ̀ sí i tí ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í ka nǹkan ní mẹ́wàá mẹ́wàá bí a ti ń kà á. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni ó ń kà á. Hopper fi ọkàn sí ọ̀nà ìkàwé yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò owó rẹ̀ ní báńkì kò fi bá ti báńkì mu mọ́. Ó wá àṣìṣe náà títí, kò rí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ń ṣe iṣẹ́ báńkì, ni ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì rí i pé ní àwọn ibì kan ó ti fi mẹ́jọ mẹ́jọ yọ owó kúrò láìmọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti dá Hopper lójú pé kì í ṣe ènìyàn ni ó yẹ kí ó máa kọ́ èdè ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó máa kọ́ èdè ènìyàn.

Ó rántí ìwé àkọsílẹ̀ Harvard. Ó kó àwọn ọ̀wọ́ àṣẹ tí a ti dán wò jọ, ó kọ wọ́n sórí téèpù ẹ̀rọ, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ láti ṣe kò ní láti fi ọwọ́ da àṣẹ kọ mọ́. Nọ́ńbà àwọn àṣẹ tí ó fẹ́ ni yóò kọ. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò lọ wá wọn jáde, yóò tò wọ́n, yóò ṣe àròpọ̀ tí ó yẹ, yóò sì rán wọn pọ̀ bí aránṣọ ti ń rán aṣọ. Ètò yìí ni ó pè ní A-0, ó parí rẹ̀ láàrin ọdún 1951 sí 1952, ó sì ka ìwé lórí rẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ní ìlú Pittsburgh ní oṣù Méè ọdún 1952. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìṣirò nìkan ni ẹ̀rọ lè ṣe, kò lè kọ àṣẹ fún ara rẹ̀. Ètò tí wọ́n lè fi dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò wà níwájú wọn, síbẹ̀ wọn kò fọwọ́ kàn án.

Hopper kò bá wọn jà. Nígbà tí ètò tí ó tẹ̀ lé e, A-2, jáde ní ọdún 1953, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń lo UNIVAC, wọ́n fi gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ hàn wọ́n láìfi nǹkan pa mọ́, wọ́n sì rọ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá rí àléébù tàbí àtúnṣe kan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ padà. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ènìyàn mẹ́ta ń yá ara wọn ti di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ jákèjádò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jùmọ̀ kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó dábàá ohun tí ó tún ya àwọn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu jù. Ó ní àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀wé kò fẹ́ràn àmì ìṣirò. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti fi hàn wọ́n pé àmì lásán ni ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ẹ̀rọ, ó ṣe àpẹẹrẹ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe irú rẹ̀ ní èdè Faransé àti ti Jámánì. Dípò kí inú wọn dùn, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọn kò rí bí ẹ̀rọ tí a ṣe ní Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ó ní láti ṣe ìlérí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun yóò lò. Síbẹ̀ òtítọ́ tí ó fi hàn kò yí padà: ẹ̀rọ kò ní ìlú, kò sì ní èdè abínibí, èdè tí a bá fi sùúrù kọ́ ọ ni yóò gbọ́.

Iṣẹ́ náà yọrí sí èdè kan tí wọ́n pè ní FLOW-MATIC. Ní ọdún 1959, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pe ìpàdé láti wá èdè kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ yóò lè gbọ́, ẹni yòówù tí ìbáà ṣe é. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ṣe èdè náà, Hopper sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n orí FLOW-MATIC ni wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kà. COBOL ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1960, wọ́n mú ètò kan náà, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì tí kò bá ara wọn tan, ó sì ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Títí di òní ni COBOL ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba káàkiri ayé.

Ní ìparí ọdún 1966, nígbà tí Hopper pé ọmọ 60 ọdún, àwọn ológun ojú omi ní kí ó lọ sinmi. Ọdún 1967 kò tíì parí tí wọ́n fi pè é padà fún oṣù 6, nítorí pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà wọn ti dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Oṣù 6 náà di ọdún 19. Ó ń tún èdè àwọn ẹ̀rọ wọn ṣe kí gbogbo rẹ̀ lè ṣọ̀kan, ó sì ń rìn kiri láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí ẹ̀rọ ti yára tó, kì í fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣàlàyé. Yóò pín wáyà fún wọn tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan tán, yóò sì sọ fún wọn pé ibi tí iná lè rìn dé nìyẹn bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, tí a sì mú ẹyọ kan níbẹ̀. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, aago kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí ó ń sọ àkókò pípé. Ó fi í kọ́ àwọn ènìyàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá nílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí láé.

Ọmọ ọdún 79 ni, ipò Rear Admiral sì ni ó wà, nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1986. Kò sí ọ̀gá ológun ojú omi tí ó dàgbà jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ náà. Síbẹ̀ kò jókòó sílé. Ó tún gba iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ọdún 1992, ó kú ní ẹni ọdún 85, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ọlá àwọn ológun ní itẹ́ òkú Arlington. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ ogun kan, Yunifásítì Yale fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní ọdún 2017, Ààrẹ Obama sì ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún ará ìlú ní ọdún 2016, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Grace Hopper kò fi ọgbọ́n rẹ̀ pa mọ́ kí a lè máa bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó ṣiṣẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí kòkòrò wà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó kọ, ó jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe ìṣirò kan tí kò bọ́ sí i, kí ó má ṣe fi ìbínú nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí ibi tí ó ti ṣì, kí ó kọ ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀, kí ó sì fi hàn ẹni tí ó jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní Yaba ń ṣe lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ orúkọ obìnrin tí ó la ọ̀nà náà.